Mo fi owó kún owó oṣù rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ: báwo lẹ ṣe ń mú òṣìṣẹ́ dúró?

Alátẹ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní, àwa 7 la wà níbẹ̀, èmi pàápàá wà nínú wọn. Lóṣù tó kọjá, ẹni tó mọwọ́ ẹ̀rọ ńlá wa jù lọ mú ìwé wá pé òun ń lọ. Ọdún 5 ló lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó dé, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa lọ, etí lásán ló fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti fẹ́ bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi owó kún owó oṣù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Òun ni ẹni kejì tó fi mí sílẹ̀ láàárín oṣù 4.

Ojú ń tì mí, inú sì tún ń bí mi. Èmi kì í bú òṣìṣẹ́, èmi kì í jẹ wọ́n lówó, mo sì máa ń fún wọn lẹ́bùn lópin ọdún. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Kí lẹ̀yin ń ṣe tí àwọn tiyín fi ń dúró? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lágbára iléeṣẹ́ ńlá o. Ẹ má sọ pé kí n ra mọ́tò fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aránṣọ

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ti tó ọdún 22 tí mo ti ń gba èèyàn síṣẹ́, iye àwọn tó ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ti kọjá kíkà. Ìbéèrè kan ni mo ní ká tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn: ìgbà wo lo ti fi owó kún owó rẹ̀ gbẹ̀yìn, kó tó di pé ó mú ìwé wá?

Alátẹ̀wé

Ó tó ọdún 2, mà. Ó lé díẹ̀.

Ìyá Aránṣọ

Ó dáa. Ohun tí ọmọ yẹn gbọ́ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ yẹn ni pé owó náà wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, àfi ìgbà tó fẹ́ lọ lo tó yọ ọ́. Owó tí a fi dínà fún èèyàn kì í dùn mọ́ ọn bí owó tí a fi yẹ́ ẹ sí. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni 3 ni mo fi dán an wò: ẹnì kan dúró fún oṣù 5 péré, àwọn 2 tó kù ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà ni mo ti mú oṣù kan nínú ọdún tí mo máa ń jókòó ti ìwé, tí mo máa ń wo owó oṣù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yálà wọ́n béèrè tàbí wọn ò béèrè. Ọdún mìíràn wà tí kò sí ohun tí mo lè fi kún un. Mo máa ń pè wọ́n, màá ní: "Mo ti wò ó o, ọwọ́ mi ò tó o lọ́dún yìí, ìdí rẹ̀ nìyí." Wọn kì í yọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó torí ìyẹn kọ̀wé fún mi.

Òṣìrò Owó

Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni, ìwé owó àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ni mo ń bá wọn tọ́jú. Inú ìwé yẹn ni mo ti máa ń rí i pé ẹnì kan ti fẹ́ lọ kí ọ̀gá tó mọ̀. Ọjọ́ tí owó oṣù ń jáde ni kẹ́ ẹ máa wò. Oṣù kan, ọjọ́ 28. Oṣù kejì, ọjọ́ 2. Oṣù kẹta, ọjọ́ 6. Ọ̀gá á ní ṣebí òun san án. Ó san án lóòótọ́, àmọ́ láàárín ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 6 yẹn, òṣìṣẹ́ ti lọ yá owó lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó bá sì ń yáwó torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ ọjọ́ ti ń fi ojú kan wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ yẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ dárúkọ ọjọ́ tó máa jáde gan-an, kẹ́ ẹ sì san ti ara yín kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ohun kejì: ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹni tó lọ yẹn máa ná Alátẹ̀wé. Ẹ má fi owó ṣírò rẹ̀, wákàtí ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ká ní ọ̀gá lo wákàtí 15 láti wá ẹni tuntun àti láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wá lẹ́nu wò. Ká ní ẹni tuntun náà fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣiṣẹ́ ní ìdajì eré ẹni tó lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ wákàtí 40, 160 ti ṣòfò nínú 320. Ká ní ẹnì kan ń fi wákàtí 5 kọ́ ọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 40 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 215. Iṣẹ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ 5 gbáko ti lọ, a ò sì tíì ka bébà tó máa bàjẹ́ àti oníbàárà tó máa bínú. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tẹ́ ẹ ní ọwọ́ yín ò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1913, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Amẹ́ríkà gba èèyàn tó lé ní 50,000 kí nǹkan bí 14,000 tó lè máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣe ni wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde bí omi inú ajere. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford kéde pé dọ́là 5 ni iṣẹ́ òòjọ́, ó sún mọ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ láti 9 sí 8. Àwọn èèyàn dúró. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é o. Ọkùnrin yẹn mọ ìṣirò.

Ọmọ Iṣẹ́ Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti kọ̀wé fún ọ̀gá rẹ̀ rí náà sọ̀rọ̀. Ọdún 4 ni mo lò ní iléeṣẹ́ kékeré kan, owó oṣù ń jáde lásìkò, ọ̀gá mi kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ṣì lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá, ẹni tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rí, wọ́n fi ṣe olórí wa. Àwa la kọ́ ọ níṣẹ́ tó fi ń ṣọ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ "ẹbí ni gbogbo wa níbí." Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí kò sówó àfikún, ẹbí ni wá. Ọjọ́ tí ara ọmọ mi ò yá tí mo tọrọ ọjọ́ 2, a kì í ṣe ẹbí mọ́, wọ́n bi mí pé ta ló máa ṣe iṣẹ́ mi. Fóònù ò sì jẹ́ kí n sinmi. Ọjọ́ ìsinmi mi, kí n tó jí, WhatsApp ti kún, gbogbo rẹ̀ "jọ̀ọ́, kíá ni."

Ọjọ́ tí mo fún wọn níwèé kọ́ ni mo lọ. Mo ti lọ ní bí ọdún kan ṣáájú. Wọ́n ní mo níwà, pé mi ò ráhùn mọ́. Wọn ò mọ̀ pé nígbà tí mo ṣì ń bá wọn jiyàn, mo ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn "ó dáa, sà" sí gbogbo nǹkan ló yẹ kí ọkàn wọn má balẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Alátẹ̀wé, ìbéèrè 2 ni mo ní fún yín. Ọjọ́ wo ni ẹni yẹn dákẹ́? Ṣé ẹ sì ti gba ẹni tuntun kankan lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iye wo lẹ fi gbà á, tẹ́ ẹ bá fi wé ti ẹni ọdún 5?

Alátẹ̀wé

Àbúrò, ìbéèrè kejì yìí gún mi. Mo gba ọmọ kan síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní oṣù 7 sẹ́yìn. Mo ń wá èèyàn lójú méjèèjì nígbà yẹn, iye tó pè ni mo fún un. Ó ju ti ẹni ọdún 5 lọ. Mi ò rò pé wọ́n máa mọ̀.

Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ ọjọ́ tó dákẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó dákẹ́.

Ọmọ Iṣẹ́ Tẹ́lẹ̀

Wọ́n mọ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n.

Òṣìrò Owó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré ti ń ṣìṣe, ẹ má fi ya ara yín ní aṣọ. Iye tí ọjà ń pe iṣẹ́ kan ń gòkè lọ́dọọdún. Ẹni tuntun á bá iye òde òní wọlé, ẹni àtijọ́ á ṣì wà lórí iye ọdún tó wọlé. Bó ṣe pẹ́ tó lọ́dọ̀ yín ni ìyà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ jù ló wá ń gba owó tó kéré jù.

Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sórí bébà kan, ọdún tí kálukú dé, ohun tó ń ṣe, iye tó ń gbà. Ẹ wo orúkọ 2, 2. Bí ẹ ò bá lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ owó àwọn méjèèjì lójú àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ náà ò dúró. Ẹ má gé ti ẹni tuntun o, kò ṣẹ̀ yín. Ti àwọn àtijọ́ ni kẹ́ ẹ gbé sókè. Bí kò bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ìgbà 2, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ìdá kejì máa bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má sọ iye tó ń gbà. Ẹni tí a bá sọ ìyẹn fún ti mọ̀ pé ohun kan wà tí a ń bò.

Kò-Ṣeé-Tẹ́-Lọ́rùn

Gbogbo ọ̀rọ̀ yín dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Mo kọ́ wọn níṣẹ́ tán, wọ́n lọ ṣí tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n kó oníbàárà mi lọ. Ní tèmi o, mo ti ń gba ìwé ẹ̀rí wọn sọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó tó pé ọdún 3, kó san owó ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kó tó gba ìwé rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Oògùn

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ìwé wọn padà fún wọn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní àmì 11 tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ àfipáṣe mọ̀. Gbígba ìwé ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, dídá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró náà wà nínú rẹ̀. Ẹ ó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ni tiyín. Okùn kan náà ni, orúkọ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fi owó gidi rán ẹnì kan lọ kọ́ṣẹ́, àdéhùn wà fún ìyẹn: ẹ kọ ọ́ kó tó lọ, kó ka iye rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí gbèsè náà sì máa dín kù lóṣooṣù títí yóò fi tán. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wò ó, torí òfin ibì kan ò bá ti ibòmíì mu. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná: ẹni tó jókòó tì yín torí pé ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí yín, ojú wo ló máa fi kí oníbàárà káàbọ̀?

Ìyá Aránṣọ

Kò-Ṣeé-Tẹ́-Lọ́rùn, mo mọ bó ṣe ń dunni. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ́ ọ, oṣù 6 ni mi ò fi kí i. Lọ́jọ́ kan, aṣọ ìgbéyàwó tó pọ̀ ju agbára mi lọ dé, ọjọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Ó gbà á, ó ránṣọ náà bí èmi ṣe ń rán an, nítorí ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ. Títí dòní, bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, á gbé e wá fún mi. Látìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń sìn ín dénà. Àwọn tó kù ń wò mí. Ìwà tí mo bá hù sí ẹni tó ń lọ ni wọ́n fi ń mọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe.

Olùkọ́ Ìṣàkóso

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ìtàn Ford, torí Òṣìrò Owó mú ibi tó dùn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Gbogbo èèyàn kọ́ ló rí dọ́là 5 yẹn gbà. Iléeṣẹ́ náà ń rán àwọn olùyẹ̀wò lọ sílé òṣìṣẹ́ láti lọ wo bó ṣe ń gbé, bóyá ó ń mutí, bóyá ilé rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó gbà pé ó yẹ fún owó náà pátá. Ẹ̀yin ọ̀gá kéékèèké tẹ́ ẹ máa ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló fi owó rẹ̀ ṣe, ẹ rántí ìyẹn.

Ní ti ìbéèrè Alátẹ̀wé gan-an, ìwádìí kan wà tó ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1959, Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n bi nǹkan bí 200 ẹnjiníà àti olùṣírò owó ní agbègbè Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, pé: ìgbà wo ni inú yín dùn jù sí iṣẹ́ yín, ìgbà wo ló bà jẹ́ jù? Ohun tó yọ jáde ni pé àwọn nǹkan tó ń ba inú jẹ́ àti àwọn tó ń mú un dùn kì í ṣe ọmọ ìyá. Òfin iléeṣẹ́ tí kò nítumọ̀, ọ̀gá tó ń dani láàmú, owó tí kò tó, ibi iṣẹ́ tí kò bójú mu, àwọn wọ̀nyí ló ń lé èèyàn. Bí ẹ bá tún wọn ṣe, ìbínú á lọ, àmọ́ ìyẹn nìkan ò ní kí ayọ̀ dé. Ohun tó ń mú ayọ̀ wá ni kí èèyàn rí àṣeyọrí ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ṣe é, kí wọ́n fi nǹkan gidi sí ìkáwọ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wù ú.

Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tó gbà ṣe é, wọ́n ní ọmọ èèyàn a máa gba ògo ohun rere fún ara rẹ̀, a sì máa di ẹ̀bi ohun búburú ru ẹlòmíì. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ó ràn mí lọ́wọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ má rò pé ẹ ti parí iṣẹ́.

Iléeṣẹ́ èèyàn 7 ò ní àtẹ̀gùn ipò tí a óò máa gun. Ẹ ò lè sọ gbogbo wọn di máníjà. Ohun tẹ́ ẹ lè fún wọn ni ìpinnu. Ẹni tó ń lo irinṣẹ́ ni kó bá yín yan èyí tẹ́ ẹ máa rà. Ẹni tó mọ oníbàárà kan dunjú ni kó máa bá a sọ̀rọ̀ iye àti ọjọ́. Ẹ sọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ kó lò ó. Bó bá ṣìṣe, ẹ má gba àṣẹ náà padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Onífọ́tò

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ wá kọ́gbọ́n lára mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn tèmi ni pé "bí nǹkan bá dáa, gbogbo wa la jọ máa gbádùn rẹ̀." Ó dùn lẹ́nu mi. Ọdún kan, iṣẹ́ rọ̀jò, a ò sùn. Nígbà tí ọdún parí, mo ní owó ti bá gbèsè lọ, òótọ́ sì ni, gbèsè wà. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn náà ni mo ra mọ́tò. Mo ti ń tọ́jú owó mọ́tò yẹn láti ọdún 3, àmọ́ ta ló mọ̀? Ojú wọn ló rí mọ́tò. Ẹni 2 lọ láàárín oṣù kan náà.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń ṣí ìwé. Iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Nínú gbogbo 100 tó bá kù lẹ́yìn ìnáwó, 10 jẹ́ tiwọn, bí a ṣe máa pín in sì ti wà lákọsílẹ̀ kí oṣù 3 náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, owó náà kéré débi pé ó tì mí lójú láti pín in. Mo pín in. Ó yà mí lẹ́nu pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Ọdún 6 ni mo ti ń pariwo iná yẹn.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má bẹ̀rẹ̀ èyí bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tẹ́ ẹ̀yin náà ń mú nínú iṣẹ́ náà.

Kò-Ṣeé-Tẹ́-Lọ́rùn

Bí ọjà bá wá kú ńkọ́? Ẹ máa pín àìní?

Olùkọ́ Ìṣàkóso

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, Robert Owen ní iléeṣẹ́ òwú ní New Lanark, ní ilẹ̀ Scotland. Àwọn òṣìṣẹ́ ò fọkàn tán an rárá nígbà tó dé. Nígbà tó yá, òwú tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà ò wọlé mọ́, ẹ̀rọ dúró fún oṣù 4. Àwọn ọ̀gá mìíràn lé òṣìṣẹ́ wọn lọ. Owen san owó iṣẹ́ wọn pé pérépéré, kí wọ́n ṣáà máa nu ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé èèyàn wọn ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò lágbára oṣù 4. Ọ̀sẹ̀ 4 gan-an, iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, kó tètè sọ̀rọ̀. Ẹ dín wákàtí gbogbo èèyàn kù lọ́gbọọgba dípò kẹ́ ẹ lé ẹnì kan, kẹ́ ẹ sì dín ti ọ̀gá kù kí ojú wọn rí i. Ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ tún máa jókòó lé e lórí.

Oníṣọ́ọ̀bù Oògùn

Mo fẹ́ padà sórí ìbéèrè Ọmọ Iṣẹ́ Tẹ́lẹ̀, ti ọjọ́ tí èèyàn dákẹ́. Bí a ò bá béèrè, a ò lè mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, ìgbà tí òṣìṣẹ́ ti ń di ẹrù rẹ̀ ni wọ́n tó ń bi í pé kí ló dé.

Èmi máa ń jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 20, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe níwájú àwọn tó kù. Ìbéèrè 3 ni: Kí ló ń dá ọ lọ́wọ́ kọ́ nínú iṣẹ́ yìí? Bí ìwọ bá jẹ́ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí lo máa kọ́kọ́ yí padà? Kí lo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe ní àsìkò yìí lọ́dún tó ń bọ̀? Màá kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ìyẹn le o, nítorí ẹnu á máa yún èèyàn láti gbèjà ara rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ní "kò sí wàhálà, mà." Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, ṣe ni wọ́n ń wò yín. Nígbà kejì, ọmọbìnrin tó máa ń wà níwájú, tó ń dá oníbàárà lóhùn, ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wákàtí 9 ló fi ń dúró lóòjọ́, èmi ò sì kíyè sí i láti ọdún 2. Mo ra àga gíga kan lọ́jọ́ kejì. Ìgbà kẹta ni ẹnu tó là. Ohun kékeré kan ni kẹ́ ẹ tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni wọ́n máa gbé èyí tó wúwo wá.

Ìyá Aránṣọ

Ẹ bá mi fi èyí kún un: ẹ má bá òṣìṣẹ́ wí níwájú oníbàárà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yìn ín, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an. "O ṣeun, o kú iṣẹ́" kò burú, àmọ́ "bí o ṣe tún ọrùn aṣọ yẹn ṣe ló jẹ́ kí ìyàwó yẹn padà wá" máa ń bá èèyàn délé.

Alátẹ̀wé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sórí bébà bí Òṣìrò Owó ṣe wí. Mi ò tíì wò ó tán tí mo fi tẹ́ ẹ dojú dé. Ẹni 2 tó ti ju ọdún 3 lọ, mo ti gbé owó wọn sókè ní ìdajì, ìdajì tó kù máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 4 sí i, ọjọ́ ti wà lákọsílẹ̀, a ti fọwọ́ sí i. Níbo ni mo ti rí owó náà? Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀bùn òpin ọdún ni wọ́n fẹ́ ni, tàbí kí n pín owó rẹ̀ sínú owó oṣù. Kò sí ẹyọ kan tó mú ẹ̀bùn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń di ẹ̀bùn nínú bébà dídán, mi ò bi wọ́n rí.

Mo béèrè ìbéèrè 3 yẹn pẹ̀lú. "Kò sí wàhálà, sà." Mo dákẹ́, mo jókòó. Ẹni tó ń gé bébà wá ní àárọ̀ ọjọ́ gan-an làwọn máa ń mọ ẹni tó máa dúró ti ilẹ̀kùn lálẹ́, pé àwọn ò lè dá àdéhùn kankan fún ara àwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ní báyìí, ìwé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti máa ń wà lára ògiri láti ọjọ́ Ẹtì. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ọmọ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí òun ti dé, òun ò sì mọ ohun tí òun ṣe. Èmi ni mo ṣe é, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Mo sì pe ẹni tó lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Mo ní, jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lo dákẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo dákẹ́? Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ọmọ tuntun ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Òun kọ́. Ó ní ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ ìgébébà tuntun ni. Ó ní: "Ọ̀gá, èmi ni mo mọ ohun tí ẹ̀rọ wa ń fẹ́, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á lẹ jọ yàn án. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo wà ńbẹ̀, ẹ ò wẹ̀yìn wò mí." Mi ò lè fèsì. Ẹ̀rọ náà kò tiẹ̀ dáa.

Kò padà o, ibi tó wà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó gbà láti wá ní ọjọ́ Sátidé 2 kó fi ẹ̀rọ ńlá mọ ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ó wá, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Ìyá Aránṣọ

O ṣe é re, àbúrò mi. Àwọn Sátidé yẹn, ṣé o sanwó fún un?

Alátẹ̀wé

Mo san án, mà. Kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣìrò Owó

Ẹ rántí kọ ọ́ sínú ìwé o.